Igi Franklinia àti Igi Páìnì: Ẹ̀kọ́ nípa Irúgbìn fún Àwọn Àgbẹ̀ Kókó

1. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Ẹ̀yin àgbẹ̀, nínú ìwé pélébé yìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa igi méjì tí kò sí nínú oko yín. Ọ̀kan jẹ́ igi olódòdó tí ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i nínú igbó mọ́ láti ọdún 1803. Èkejì jẹ́ igi páìnì, tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pẹ ti pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Agbègbè odò kan náà ni àwọn méjèèjì ti hù, òjò kan náà ni ó pa wọ́n, oòrùn kan náà ni ó ràn sí wọn. Síbẹ̀ ọ̀kan parẹ́ kúrò nínú igbó, èkejì sì ń gba ilẹ̀ kún ilẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, kí ni ó kan àgbẹ̀ kókó nínú ọ̀rọ̀ igi òkèèrè? Ó kàn án púpọ̀. Igi olódòdó ni kókó, bí ti igi àkọ́kọ́ yẹn. Àrùn tí ń pa gbòǹgbò igi náà jẹ́ ìbátan àrùn tí ń sọ èso kókó di dúdú. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, irúgbìn díẹ̀ tí a kó láti ibi kan ni gbogbo igi náà tí ó kù láyé ti wá, kókó àtijọ́ tí àwọn baba wa gbìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi sùúrù kà á dé òpin yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ irúgbìn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

2. Bí a ṣe rí igi Franklinia, àti bí ó ṣe parẹ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1765, nígbà tí Georgia ní Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Bartram àti William ọmọ rẹ̀ ń rin ìrìn àjò lẹ́bàá odò Altamaha. Àgbẹ̀ ni John Bartram. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Philadelphia ni oko rẹ̀ wà. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ó fi ojú ara rẹ̀ àti ìwé kíkà kọ́ ìmọ̀ ewé àti igi, títí ọba fi yàn án láti máa wá ewéko tuntun káàkiri. Ní ọjọ́ náà, bàbá àti ọmọ rí àwọn igi kékeré kan tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, William padà sí ẹkùn náà. Ó bá igi náà níbi tí ó ti ń tanná, ó sì kó irúgbìn rẹ̀. Ilẹ̀ tí igi náà gbà kò ju nǹkan bí éékà méjì tàbí mẹ́ta lọ. William rin ilẹ̀ púpọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n kò rí igi náà ní ibòmíràn. Ní ọdún 1777 ó kó irúgbìn náà dé Philadelphia, wọ́n gbìn ín sí ọgbà bàbá rẹ̀, ó hù, ó sì tanná. Wọ́n sọ ọ́ ní Franklinia ní ìrántí Benjamin Franklin, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ John Bartram. Orúkọ odò náà ni wọ́n sì fi ṣe orúkọ rẹ̀ kejì. Ní ọdún 1785 ni Humphry Marshall, ìbátan wọn, tẹ orúkọ náà jáde nínú ìwé.

Ní ọdún 1803, John Lyon, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ewéko, rí Franklinia díẹ̀ ní ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni a kò ti rí i nínú igbó mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá a lọ sí bèbè odò yẹn, òfo ni wọ́n sì ń bá bọ̀. Gbogbo igi Franklinia tí ó wà láyé lónìí, ìbáà jẹ́ ní Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù, ìran irúgbìn tí ìdílé Bartram kó ni. Bí kò bá ṣe pé àgbẹ̀ kan àti ọmọ rẹ̀ kíyè sí i, orúkọ rẹ̀ pàápàá ìbá má sí.

3. Ìrísí igi méjèèjì

Franklinia kì í ga púpọ̀. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 25 ni. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé igi tíì tí à ń mu. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìǹsì 3, ewé òdòdó márùn-ún ni ó yí i ká, àárín rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Ó ní òórùn dídùn. Ìparí ìgbà ooru ni ó máa ń tanná, nígbà tí ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ náà ti tanná tán. Kí òtútù tó dé, ewé rẹ̀ á pupa bí ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà á wọ́.

Páìnì tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pinus taeda. Ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì máa ń tọ́ gbọnrangandan. Ewé rẹ̀ kò fẹ̀ bí ti kókó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, mẹ́ta-mẹ́ta ni ó máa ń so pọ̀, ó sì gùn tó ìǹsì 5 sí 9. Ewé náà kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà igi náà tutù yọ̀yọ̀ ní ọdọọdún. Bí a bá ṣá a lára, oje tí ń lẹ̀ yóò ṣàn jáde. A ń fi pákó rẹ̀ kọ́lé, a sì ń fi igi rẹ̀ ṣe bébà. Páìnì mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí ó wá láti agbègbè Caribbean, wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú; àwọn òṣìṣẹ́ igbó gbìn ín sí òkè Jos. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ yóò ti rí i.

Àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà máa ń pe páìnì yìí ní páìnì oko àtijọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí àgbẹ̀ bá ti gbin òwú títí ilẹ̀ fi ṣá, tí ó sì fi oko náà sílẹ̀, páìnì ni ó kọ́kọ́ máa ń hù níbẹ̀. Kì í dúró de ènìyàn kí ó tó gbà ilẹ̀.

4. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń so irúgbìn

Níbí ni ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù wà. Igi tí ń so irúgbìn pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì: àwọn tí ń tanná, àti àwọn tí kì í tanná.

Franklinia, kókó, obì, ọsàn àti àgbàdo wà nínú àwọn tí ń tanná. Nínú òdòdó wọn ni ilé kékeré kan wà, inú ilé náà sì ni ẹyin irúgbìn máa ń wà ní ìpamọ́. Nígbà tí lẹ́búlẹ́bú akọ bá bọ́ sórí ẹnu ilé náà, ẹyin inú rẹ̀ á di irúgbìn, ilé náà fúnra rẹ̀ á sì di èso. Èèpo kókó tí ẹ ń fi àdá là, ilé irúgbìn inú òdòdó ni ó dàgbà di bẹ́ẹ̀.

Páìnì kò ní òdòdó, kò sì ní èso bí irú èyí. Ohun tí ó ní ni ìdì gbígbẹ tí ó le bí igi, tí ìpele rẹ̀ to léra bí ìpẹ́ ẹja. Orí ìpele kọ̀ọ̀kan ni ẹyin irúgbìn máa ń jókòó sí ní ìhòòhò, láìsí ilé tí ó bò ó. Ìdì mìíràn tí ó kéré, tí ó sì rọ̀, ni ó ń mú lẹ́búlẹ́bú akọ jáde. Ní àsìkò rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú náà á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pọ́n lórí omi àti lórí òrùlé bí ìyẹ̀fun.

Ta ni ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà? Fún páìnì, afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ kì í gba owó iṣẹ́, kì í kú, kì í sì ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ó ń fi nǹkan ṣòfò, nítorí náà ni páìnì ṣe ń tú lẹ́búlẹ́bú púpọ̀ jáde. Fún Franklinia, kòkòrò bí oyin ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Fún kókó, àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ni. Inú ewé jíjẹrà àti èèpo kókó tí ó ń rà nílẹ̀ oko ni wọ́n ti ń bí ọmọ wọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí àgbẹ̀ gbá ilẹ̀ oko kókó mọ́ fónífóní bí àgbàlá. Nínú òdòdó kókó 100, kì í sábà ju 5 lọ tí ń di èso. Bí a bá sì lé àwọn eṣinṣin wọ̀nyí lọ, iye náà á dín kù sí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àkókò pẹ̀lú. Kókó ń gbó ní oṣù 5 sí 6 lẹ́yìn tí ó bá ti tanná. Èso Franklinia ń lò ju ọdún kan lọ kí ó tó gbó, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí èso ọdún tí ó kọjá àti òdòdó tuntun lórí igi kan náà. Ti páìnì pẹ́ jù: láti ìgbà tí lẹ́búlẹ́bú bá dé orí ìdì títí di ìgbà tí irúgbìn yóò gbó, ó súnmọ́ ọdún méjì. Nígbà tí ìdì náà bá wá là, irúgbìn oníyẹ̀ẹ́ á jáde nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ sí ilẹ̀ tí ó ṣófo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Franklinia gba tirẹ̀, páìnì gba tirẹ̀.

Ohun kan tí ó yẹ kí àgbẹ̀ kókó kíyè sí jù ni bí a ṣe lè pa irúgbìn mọ́. Hóró páìnì ṣeé gbẹ, ó sì ṣeé tọ́jú sí ibi tútù fún ọdún púpọ̀ kí a tó gbìn ín. Ní ọdún 1971, Stuart Roosa gbé hóró páìnì yìí pẹ̀lú ti àwọn igi mìíràn sínú ọkọ̀ Apollo 14, ọkọ̀ náà gbé wọn yí òṣùpá ká, wọ́n padà bọ̀, wọ́n sì hù nígbà tí a gbìn wọ́n. Hóró kókó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ó kú. Bí òtútù bá mú un, ó kú. Kò sí àká tí a lè kó hóró kókó sí de ọjọ́ iwájú. Igi tí ó wà láàyè lórí ilẹ̀ nìkan ni àká rẹ̀.

5. Ìdí tí ọ̀kan fi parẹ́, tí èkejì sì pọ̀

Oríṣiríṣi ni ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa bí Franklinia ṣe parẹ́. Àwọn kan sọ pé iná tàbí omíyalé ni. Àwọn mìíràn sọ pé àwọn tí ń kó igi tà ni wọ́n hú u tán. Àwọn mìíràn sì sọ pé àrùn inú ilẹ̀ ni, bóyá èyí tí ó tẹ̀lé oko òwú dé. A kò tíì fi ìdí èyíkéyìí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì hàn gbangba.

Èkínní, ibi kan ṣoṣo ni igi náà wà. Igi tí ó wà lórí éékà mẹ́ta péré, iná ọjọ́ kan tó láti pa á run. Iná kan náà lè jó páìnì ní ìlú kan, kí páìnì ìlú kejì sì rán irúgbìn wá sórí eérú náà kí ọdún tó yí. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Èkejì, Franklinia kò lágbára sí àrùn gbòǹgbò. Nínú ọgbà tí a ti ń tọ́jú rẹ̀ lónìí, ohun tí ń pa á jù ni Phytophthora cinnamomi, ohun abẹ̀mí tín-ń-tìn-tín tí ó dàbí ẹbu, tí ń rin inú ilẹ̀ tí omi dúró sí. Àrùn náà á jẹ gbòǹgbò rẹ̀, ewé á rọ, igi á sì kú. Nítorí pé láti inú irúgbìn díẹ̀ ni gbogbo Franklinia ti wá, wọ́n jọra wọn púpọ̀. Ohun tí ó bá lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé pípọ̀ nìkan tó. Kòkòrò kan wà ní gúúsù Amẹ́ríkà tí ń gbẹ́ abẹ́ èèpo páìnì. Ibi tí páìnì bá ti fún pọ̀ jù, tí oúnjẹ ilẹ̀ kò sì tó wọn, ni kòkòrò náà ti máa ń pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Nítorí èyí ni àwọn olùtọ́jú igbó fi ń gé díẹ̀ kúrò láàárín wọn kí àwọn tí ó kù lè lágbára.

6. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kàn nínú oko kókó

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ilé. Kókó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Inú igbó odò Amazon ni ó ti wá. Ní ọdún 1822 ni a gbé e láti Brazil wá sí erékùṣù Príncipe. Láti ibẹ̀ ni ó dé São Tomé àti Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Captain J. P. L. Davies ti gbìn ín sí Ìjọ́n lẹ́bàá Agége, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá. Amelonado ni à ń pe irú kókó yìí. Ó dára, hóró rẹ̀ sì gbayì lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìran kan ṣoṣo ni, igi kan nínú rẹ̀ jọ èkejì bí ìbejì.

A rí ewu èyí nígbà tí àrùn ẹ̀ka wíwú dé. Ní ọdún 1936 ni a kíyè sí i ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana lónìí. Ní ọdún 1944 ni a rí i ní Nàìjíríà. Kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ kan ni ó ń gbé e láti igi dé igi. Amelonado kò ní agbára kankan sí i. Ní Ghana, igi kókó tí a ti gé nítorí àrùn yìí ju 200,000,000 lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àgbẹ̀ tí a gé oko rẹ̀ lójú rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irúgbìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Kí ni ó mú ìrọ̀rùn díẹ̀ wá? Irúgbìn mìíràn ni. Ní nǹkan bí ọdún 1938, F. J. Pound wọ inú igbó òkè odò Amazon lọ, ó sì kó oríṣiríṣi kókó wá sí Trinidad. Ní ọdún 1944, A. F. Posnette kó èso díẹ̀ nínú ìran rẹ̀ wá sí Tafo ní Gold Coast. Láti inú wọn ni kókó F3 Amazon ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ dáadáa: ó yá láti so, ó sì lágbára ju Amelonado lọ. Ẹ rí i pé ohun tí Bartram ṣe fún Franklinia ni Pound ṣe fún kókó. Lónìí, Yunifásítì West Indies ní ọgbà kan ní Trinidad níbi tí oríṣi kókó tí ó ju 2,000 lọ wà láàyè lórí ilẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí a ti wí, hóró rẹ̀ kò ṣeé kó sí àká.

Ní ti àrùn tí ń sọ èso kókó di dúdú, Phytophthora ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yà tí ń pa Franklinia. Omi ni ọ̀nà rẹ̀. Òjò ń ta á láti ilẹ̀ sókè, ó ń kán láti èso dé èso. Ibi tí òkùnkùn àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀ jù ni ilé rẹ̀.

7. Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe

(i) Ẹ má ṣe fi irúgbìn igi kan ṣoṣo gbin oko tuntun, bí ó ti wù kí igi náà máa so tó. Ẹ gba èso fún gbígbìn láti ọgbà irúgbìn tí ìjọba tàbí Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Kókó tí ó wà ní Ìbàdàn bá fi ọwọ́ sí, kí ẹ sì gba ju oríṣi kan lọ.

(ii) Bí ẹ bá ti fọ́ èso fún gbígbìn, ẹ gbìn ín kí ọjọ́ tó pẹ́. Ẹ má ṣe sá a sí oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ fi í sílẹ̀ nínú èèpo rẹ̀.

(iii) Ẹ gbin igi kókó ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ara wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún pọ̀ bí páìnì tí kòkòrò ń pa. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó pọ̀ jù kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá.

(iv) Ẹ la ojú omi ní ibi tí omi bá ń dúró sí nínú oko.

(v) Ní ìgbà òjò, ẹ máa yí oko ká léraléra. Ẹ ká èso dúdú kúrò lórí igi, kí ẹ sì kó o jáde kúrò nínú oko kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

(vi) Ẹ fi ewé gbígbẹ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ oko, nítorí àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ tí ń bá yín ṣiṣẹ́. Èso tí kò ní àrùn nìkan ni kí ẹ fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

(vii) Bí ẹ bá ní igi kókó àtijọ́ kan tí ó ń so dáadáa nígbà tí àwọn tí ó yí i ká ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe gé e kí ẹ tó fi han òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn. Ó lè jẹ́ pé agbára kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú igi mìíràn.

8. Ọ̀rọ̀ ìparí

Nígbà tí John Bartram rí igi kékeré yẹn ní ọdún 1765, kò sí ohun tí ó sọ fún un pé yóò parẹ́. Bí igi mìíràn ni ó rí, ó dúró ní ẹsẹ̀ odò pẹ̀lú páìnì tí ó yí i ká. Ọdún 38 péré ni ó wà láàárín ọjọ́ náà àti ìgbà ìkẹyìn tí a rí i nínú igbó. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí wọ́n rí i kò tíì darúgbó nígbà tí ó parẹ́. Páìnì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, afẹ́fẹ́ sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kókó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í gbé hóró rẹ̀, àká kì í pa á mọ́. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni ó gbé e dé ilẹ̀ yìí, ọwọ́ àgbẹ̀ náà ni yóò sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa.